Ohun Tí Ará Faransé Náà Kò Sọ

Ìbọ̀sẹ̀ ni mo ń wá ní àárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn tí èmi àti ìyàwó mi jọ lò pọ̀. Ẹsẹ̀ òsì ni, aláwọ̀ ilẹ̀. Mo ti tú dúrọ́ọ̀ mẹ́ta, mo ti gbé gbogbo tìmùtìmù orí àga sílẹ̀, mo wá dúró láàárín pálọ̀ bí ẹni tí olè ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé rẹ̀. Ìyàwó mi wà ní kíṣìnì, ó ń da ṣinṣín sínú ike.

"Níbo lo gbé ìbọ̀sẹ̀ mi sí?"

"Orí rédíétọ̀, níbi tí ẹ sá a sí lánàá."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lórí irin tó ń mú ilé móoru. Èmi kì í ṣe ẹni tí í gba ẹ̀bi wẹ́rẹ́, mo kàwé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ mi, mo sì sọ fún un pé: "Nínú ilé yìí, nǹkan kì í sọnù. Wọ́n máa ń gbé e pamọ́ fún mi ni."

Ó wò mí díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó dé ike ṣinṣín rẹ̀, ó sì jáde ní kíṣìnì bí ẹni tó ti rí ohun tó torí rẹ̀ lọ sọ́jà. Èmi rò pé mo ti borí.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, fún bí ọdún mọ́kànlá, ìyàwó mi ń fi fíìmù ará Faransé kan han àwọn ìyá ìjọ wa. Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà. Wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ nínú ilé mi tó fún ogójì ọdún, ó yẹ kí ó sinmi díẹ̀.

Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Benin ni ìyàwó mi ti pàdé iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti rán an lọ síbẹ̀ kó lọ fi ọdún kan kọ́ èdè Faransé dáadáa kí ó tó di olùkọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ta aṣọ ìbora sára ògiri, wọ́n sì fi fíìmù àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà ṣe hàn wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn rẹ̀, òun náà ló darí rẹ̀, bóyá nítorí kò rí ẹlòmíràn tó máa gbà á. Obìnrin kan ń ta ẹja létí òkun, ó ń retí lẹ́tà. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi, tí kò tíì di ìyàwó mi nígbà náà, padà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní òun sunkún títí òun fi dé ibùsùn.

Mo bi í pé: "Kí ló wà nínú lẹ́tà náà?"

Ó ní: "Kò dé."

Mo ní: "Kí wá ni wọ́n pè yín wá wò?"

Ó ṣì fẹ́ mi lẹ́yìn ìbéèrè yẹn. Ẹ lè fi ìyẹn mọ irú sùúrù tó ní.

Fíìmù rẹ̀ kejì, níbi tí àwọn ọmọ bàbá kan ti ń pín ilé bàbá wọn, gba ẹ̀bùn ńlá. Ìyàwó mi gé àwòrán ọkùnrin náà nínú ìwé ìròyìn kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Kútọnú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ọkùnrin onírun gígùn, tó mú sìgá dání bí ẹni pé sìgá náà ló ṣẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko, ojú rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rí kí n tó rí súgà.

Lẹ́yìn ẹ̀bùn ni irú wọn máa ń bàjẹ́. Àwọn ènìyàn ńlá gbé fíìmù ńlá lé e lọ́wọ́: ẹṣin, ọmọ ogun, àwọn obìnrin tó ń sáré nínú yìnyín. Ó ṣubú. Àwọn oníwèé ìròyìn jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, wọ́n sì fa eegun rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni àwa dé Lọ́ńdọ̀nù. Èmi tí mo kàwé ìmọ̀ ilẹ̀ dójú àmì, tí mo lè ka orúkọ gbogbo odò Yúróòpù láti orísun dé ẹnu òkun, wọ́n ní kí n máa to páálí nínú ilé ìkẹ́rùsí kan létí títì A13. Ìyàwó mi tó gbọ́ Faransé ju ọ̀pọ̀ ará Faransé lọ ń bu ọ̀dùnkún sí àwo àwọn ọmọ ilé ìwé ní Rippleside. Ọkùnrin náà, ní tirẹ̀, wọ inú ilé lọ, ó ń bá àwọn ẹlòmíràn kọ ìtàn ọlọ́pàá fún tẹlifíṣọ̀n, wọn kì í tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé: "Akọni rẹ ti parí."

Ó ní: "Ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ kò tíì parí." Kò wo ojú mi nígbà tó sọ ọ́. Ó ń lọ aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ to páálí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: bí ọ̀rọ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Èmi kúrò nídìí páálí, mo bọ́ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣètò àkókò bọ́ọ̀sì. Òun kúrò nídìí ọ̀dùnkún, ó di olùkọ́ Faransé ní ilé ìwé gíga kan, ó sì ṣe é títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin náà padà dé pẹ̀lú àwọn fíìmù kéékèèké: ilé kan, kíṣìnì kan, ọkọ kan, ìyàwó kan, kò sí ẹni tó ń sáré. Àwọn tó mọ̀ nípa fíìmù sọ pé ọgbọ́n ti dé bá a. Ohun tí èmi rí ni pé kò rí ẹṣin yá mọ́. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni gbogbo fíìmù rẹ̀ láti ìgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ìyàwó mẹ́ta ló ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Èmi tí mo ti bá obìnrin kan ṣoṣo gbé láti ìgbà tí irun mi ṣì pé, kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán wá bá mi.

Báwo ni irú ènìyàn báyìí ṣe dé àárín àwọn Aládùúrà? Ẹ̀bi ògbufọ̀ ni.

Ìjọ wa wà nínú ilé ńlá kan ní Rippleside tí wọ́n ti ń kẹ́rù sí tẹ́lẹ̀. Yorùbá ni wòlíì wa fi ń wàásù, àwọn ọmọ tí a bí síbí kò sì gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ̀bà" lọ. Ìyàwó mi ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Wòlíì á sọ gbólóhùn kan, ìyàwó mi á sọ mẹ́ta. Bí ìwàásù bá tutù lẹ́nu wòlíì, ó máa ń gbóná kó tó dé etí àwọn ọmọ. Mo rántí ọjọ́ tí wòlíì sọ̀rọ̀ nípa Jónà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Wòlíì alára rò pé òun ní ẹ̀bùn àpárá. Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ kọ́gbọ́n.

Nígbà tí ìyàwó mi fẹ̀yìn tì, ó tọrọ yàrá ẹ̀gbẹ́ ìjọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ó ní kí àwọn ìyá yé lọ sílé lọ jókòó nìkan lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun yóò máa fi fíìmù hàn wọ́n, òun yóò sì máa túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Wọ́n wá. Ẹ fojú inú wò ó: bí ogún ìyá nínú sùtánà funfun, kóòtù òtútù lórí rẹ̀, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹnì kankan, ìbọ̀sẹ̀ nípọnnípọn nìkan, wọ́n ń wo ará Faransé tó ń mu kọfí.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n fa aṣọ fèrèsé, kí n tan ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri, kí n sì dúró lẹ́yìn pátápátá, nídìí omi tíì. Òfin kan ṣoṣo ni ìyàwó mi fún mi: n kò gbọ́dọ̀ tan ìwé Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké tó máa ń jáde nísàlẹ̀ fíìmù. Ó ní ó ń bo ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ìdákẹ́jẹ́ ni wàhálà tó kọ́kọ́ wà. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ bí ewúrẹ́ ṣe fẹ́ràn èèpo iṣu. Ẹnì kan lè máa wo fèrèsé fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ wa, bí ibi gbogbo bá dákẹ́, ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti gbàgbé ohun tó kàn, ojúṣe ẹni tó bá sún mọ́ ọn ni kí ó dá orin. Ní oṣù àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà tí ará Faransé bá dákẹ́ ni Ìyá Ẹgbẹ́, tó jẹ́ olórí wọn, máa ń gbé orin sókè, tí gbogbo yàrá á sì gbè é. Ìyàwó mi rí i pé bí òun kò bá sọ nǹkan sí ìdákẹ́jẹ́ náà, wọn ò ní parí fíìmù kankan láéláé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan sí i.

Ó tún ní àṣà kan. Tí fíìmù bá dé ìdajì, á dá a dúró. Wọ́n á mu tíì, wọ́n á jiyàn lórí ohun tó ń bọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ á padà wá ní Ọjọ́bọ̀ kejì. Àwọn ìyá tí orúnkún ń dùn máa ń padà wá nínú yìnyín.

Ní ọjọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn, fíìmù tí ọkùnrin náà ṣe kẹ́yìn ni. Ó ti darúgbó, ó ní òun kò ní ṣe òmíràn mọ́; ó ti sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀. Ọkọ arúgbó kan àti ìyàwó arúgbó kan wà nínú ilé kan. Ọkọ náà jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó wo òkè, ó la ẹnu, ìyàwó mi sì fi ohùn wíwúwo kan túmọ̀ rẹ̀:

"Ó ní: nínú ilé yìí, nǹkan kì í sọnù. Wọ́n máa ń gbé e pamọ́ fún mi ni!"

Yàrá náà dàrú. Ìyá kan láti Èkìtì, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí ahọ́n rẹ̀ kò tíì kúrò ní Ìkéré láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí, fi ọwọ́ lu itan: "Yéè! Bàbá yìí tún ti bẹ̀rẹ̀!" Ìyá Ẹgbẹ́ yíjú wẹ̀yìn, ó wò mí. Mo mi orí sí i, àgbà sí àgbà. Mo ní: "Irú àwọn ọkùnrin báyìí ló ń ba orúkọ wa jẹ́." Ẹ̀rín tún gba ilé. Mo rò pé mo pa àpárá tó dára ni.

Lẹ́yìn náà, ìyàwó inú fíìmù ń di ẹrù sínú báàgì kékeré, ó ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó di ẹrù yẹn pẹ́. Ìyàwó mi sì ń túmọ̀ lọ: "Ó ní: ata wà nínú fìrísà, dúrọ́ọ̀ kejì. Ó ní: ìrẹsì wà nínú ike aláwọ̀ ewé, ẹ wo ẹ̀yìn fúláwà. Ó ní: iyọ̀ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ má fi í sí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má sọ pé ẹ ò rántí." Ọkọ rẹ̀ sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin, ó padà sílé, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnì. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti ní kí n dá a dúró.

"Ṣé á padà wá?" ni Ìyá Ẹgbẹ́ bi í.

"Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

A wọ bọ́ọ̀sì padà sílé wa ní Castle Green. A jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dìde láti lọ tan kẹ́tùlù, ó sì ṣubú. Àwọn dókítà lo ọ̀rọ̀ gígùn kan fún un. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, èmi ni mo kàwé. Ọ̀rọ̀ náà kò wúlò fún nǹkan kan.

N kò ní pẹ́ lórí ìsìnkú. Àwọn ènìyàn ṣe dáadáa. Wọ́n ní "ẹ kú ará fẹ́ra kù", wọ́n ní kí n mọ́kàn, bí ẹni pé ọkàn jẹ́ ohun tí mo gbàgbé sínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n gbé oúnjẹ wá nínú ike áísìkiriìmù títí fìrísà fi kọ̀ láti pa dé. Arákùnrin kan bi mí, kí ilẹ̀ ibojì tó gbẹ, bóyá n kò ní fẹ́ kí òun fi mí mọ opó kan ní Dagenham, obìnrin tó mọ oúnjẹ sè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin wa pe láti Manchester lójoojúmọ́: "Dádì, ẹ ti jẹun? Ẹ mú nǹkan jáde nínú fìrísà, ẹ kàn gbé e sí maikirowéfù, ó ti tán." Ó ti tán. Oṣù méjì àti ààbọ̀ ni mo fi ń jẹ ìrẹsì tí àwọn ìyàwó oníyàwó sè. N kò tan iná ìdáná lẹ́ẹ̀kan. Báàgì tí a fi ń gbé ẹ̀rọ fíìmù wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí a gbé e sí ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Àfi bí Ìyá Ẹgbẹ́ ṣe wá lọ́jọ́ kan. Ó jókòó, kò bọ́ kóòtù, ó sì kọ tíì. Mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

"Ọkọ Ògbufọ̀," orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn, "àwọn ìyá ní kí n wá bẹ̀ yín. A ò fẹ́ ìrántí, a ò fẹ́ jọ̀lọ́ọ̀fù. A fẹ́ parí fíìmù yẹn."

"Fíìmù wo?"

"Ẹ má bá mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá yẹn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Láti ọjọ́ náà ni a ti wà ní ibùdókọ̀. Màmá Èkìtì kò sùn dáadáa."

Mo sọ fún un pé n kò gbọ́ Faransé. Ó ní òun mọ̀. Mo ní èmi kì í ṣe ògbufọ̀. Ó ní òun mọ ìyẹn náà, òun ti gbọ́ bí mo ṣe ń ka Bíbélì. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀ fíìmù, mo sì mọ Gẹ̀ẹ́sì kà. Ó ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ó dìde, ó lọ.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé n kò fẹ́ kí fíìmù náà parí. Fíìmù tí wọ́n dá dúró, ẹni tó dá a dúró ṣì lè padà wá ní kó máa lọ. Mo mọ̀ pé ìrònú ọmọdé ni. Mo rò ó bẹ́ẹ̀ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé ẹ̀rọ náà jáde, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo sì tan ìwé ìsàlẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo ìdajì àkọ́kọ́, kí n lè mọ bí ìyàwó mi ṣe máa ń túmọ̀, kí n má bàa dójú tì í. Ọkùnrin arúgbó náà jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó wo òkè, ó la ẹnu. Mo ka ohun tó wà nísàlẹ̀.

Òjò máa rọ̀.

Mo dá a padà sẹ́yìn. Ó tún jáde, ó tún wo òkè. Òjò máa rọ̀. Kò sọ ohun mìíràn. Kò sí nǹkan tó sọnù, kò sí ẹni tó gbé nǹkan pamọ́. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ìbọ̀sẹ̀ náà ni mo wọ̀.

Mo jókòó, mo wo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí ọkùnrin náà ti ń ka ìwé ìròyìn nípa àlìkámà sí ìyàwó rẹ̀ létí, èyí tí mo gbọ́ ní yàrá ìjọ ni: "Ọbẹ̀ yìí dára o. Ti màmá mi ló kàn yàtọ̀." Èmi ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Níbi tó ti bi í pé aago mélòó ni ọkọ̀ rẹ̀, èyí tí mo gbọ́ ni: "Ta ni yóò wá máa bá mi ṣí ìdérí ike?" Mo ti sọ ìyẹn náà, ní ọjọ́ tó fẹ́ lọ kí ọmọ wa. Mo sì rántí pé mo rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ yẹn nídìí omi tíì, mo ní ọkùnrin yìí kò lójútì.

Nígbà tí ìyàwó inú fíìmù wá ń di ẹrù, kò sí ìwé kankan nísàlẹ̀. Obìnrin náà kò sọ nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi di báàgì yẹn, ẹnu rẹ̀ kò là.

Mo dìde, mo lọ sí kíṣìnì, mo wo ẹ̀yìn fúláwà. Ike aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀. Ìrẹsì wà nínú rẹ̀. Mo dé e padà, mo sì pe Ìyá Ẹgbẹ́ lórí fóònù.

"Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ mọ̀?"

"Mo mọ kí ni?"

"Pé ará Faransé yẹn, èmi ni."

Ó ní: "Ọkọ Ògbufọ̀, ta ni kò mọ̀?"

"Láti ìgbà wo?"

"Ẹ̀yin náà ẹ ronú. Láti ọdún kìíní. Gbogbo ọkọ inú gbogbo fíìmù. Àwa rò pé ẹ mọ̀. Ìgbà tí ẹ wá ń bá wa bú u, ni a rí i pé ẹ ò mọ̀. Ògbufọ̀ bẹ̀ wá pé kí a má sọ."

Ọdún mọ́kànlá. Ẹni tó mọ gbogbo odò Yúróòpù, tí kò mọ ohùn ara rẹ̀. Mo ní: "Ẹ sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́ kẹ̀?" Inú bí i díẹ̀. "Ọkọ tèmi ti kú kí n tó dé ìlú yìí. Ti Màmá Èkìtì lọ ra sìgá, kò padà. Bàbá tó ń wá ìbọ̀sẹ̀, tó ń bú ọbẹ̀, tó sì ń jẹ ẹ́ tán, ta ni kò fẹ́ràn rẹ̀? Ẹ rò pé nítorí kọfí òyìnbó ni a ṣe ń fi orúnkún rírọ wá?"

Mo ní ó dáa, ó di Ọjọ́bọ̀.

N kò wo ìdajì kejì ṣáájú. Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé báàgì wọ bọ́ọ̀sì, mo fa aṣọ fèrèsé, mo tan ẹ̀rọ, mo tan ìwé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rìn lọ síwájú, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tó máa ń dúró, mo wọ awò ojú mi.

"Ìwé yìí bo ẹsẹ̀ wọn o," ni Màmá Èkìtì sọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú sùúrù fún mi."

Mo túmọ̀ bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Olóòótọ́ ni mí. Bàbá inú fíìmù ní: mo ti ti fèrèsé. Ó ní: lẹ́tà kan dé fún un. Ó ní: ọ̀la ni wọn yóò wá kó ìdọ̀tí. Mo sọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń ka àkókò bọ́ọ̀sì. Ìyá kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé.

"Ọkọ Ògbufọ̀," ni Màmá Èkìtì tún sọ, "bàbá yìí ti yí padà. Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"

"Ohun tó sọ ni mo ń sọ, Màmá."

"Kò tíì sọ irú rẹ̀ rí."

Ọkùnrin arúgbó náà wá wọ kíṣìnì lọ, ìdákẹ́jẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀, kò sí ìwé. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó wo inú rẹ̀, ó pa á dé. Ó ṣí òmíràn. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ìró ọkọ̀ ń bọ̀ láti Ripple Road lóde. Mo gbọ́ tí Ìyá Ẹgbẹ́ tún ọ̀fun ṣe. Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá dá orin yẹn, yóò di ìsìn ìrántí, wọn yóò sunkún, èmi náà yóò sì sunkún níwájú ogún obìnrin nínú ìbọ̀sẹ̀.

Mo la ẹnu. Mo ní: "Ó ní: nínú ilé yìí, nǹkan kì í sọnù."

Màmá Èkìtì ta gìrì lórí àga rẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n!"

Ọkùnrin náà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kẹta. Mo ní: "Ó ní: ẹni tó mọ ibi tí nǹkan wà ni kò sí nílé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Mo rí i pé mo gbọ́dọ̀ yára. Ọkùnrin náà rí ìkòkò kan, ó bu omi sí i, ó pọ̀ jù, ó dà díẹ̀ nù. Mo ní: "Ó ní: ṣé ìkòkò lèyí àbí ọpọ́n ìwẹ̀? Ta ló ra irú èyí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọ̀dùnkún, èèpo rẹ̀ nípọn ju ohun tó kù lọ. Mo ní: "Ó ní: kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n ṣe é ni." Wọ́n lu itan, wọ́n na ìka sí mi, ìyá tó ń tòògbé ti dìde dúró. Irọ́ ni mo ń pa lójú ògiri ilé Ọlọ́run, ọ̀kan ń fa èkejì.

Ọkùnrin náà gbé ìkòkò kaná, ó dúró tì í, ó ń wò ó. Fíìmù parí. Orúkọ àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lára ògiri. Bí ará Faransé náà ṣe máa ń ṣe wá nìyẹn, láti orí obìnrin ẹlẹ́ja: kì í sọ fúnni.

Gbogbo wọn ń wò mí. Ìyàwó mi máa ń fi ìrù kékeré kan sí i tí fíìmù bá parí báyìí, kí wọ́n má bàa gbé ebi lọ sílé: lẹ́tà á dé, ọmọ á tọrọ àforíjì, ọkọ á ra òdòdó. Mo mọ̀ pé ìrù náà ni wọ́n ń retí.

"Ṣé ó padà wá?" ni Ìyá Ẹgbẹ́ bi mí. Kò bi mí bí ẹni tí kò mọ̀.

Mo lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Mo ti pa irọ́ mẹ́rin tẹ́lẹ̀.

Mo ní: "Rárá, Ìyá Ẹgbẹ́. Kò padà wá."

Kò sẹ́ni tó dá orin.

"Kí ni bàbá wá jẹ?" ni Màmá Èkìtì bèèrè.

"Ìrẹsì."

"Ọ̀dùnkún ni mo rí."

"Ìrẹsì ni, Màmá."

"Ta ló sè é?"

"Òun náà ni."

Ó rò ó. "Ó sì jinná?"

"Fíìmù kò sọ."

Mo dé ilé kí ojú ọjọ́ tó ṣú. Mo gbé báàgì sínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn. Mo mú ike aláwọ̀ ewé lẹ́yìn fúláwà, mo fọ ìrẹsì bí mo ṣe rò pé wọ́n máa ń fọ̀ ọ́, mo tan iná. Mo mú ata kan nínú dúrọ́ọ̀ kejì ní fìrísà, lábẹ́ gbogbo ike áísìkiriìmù àwọn ènìyàn. Mo fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ n kò rántí bóyá mo ti fi sí i, mo na ọwọ́ sí iyọ̀, mo fà á padà.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jóná. Òkè rẹ̀ jinná. Mo bu òkè sínú àwo, mo jókòó, mo jẹ ẹ́ tán.